Ẹni Tí Wọ́n Nà, Tí Kò Sá Lọ

Ẹja tí wọ́n ń dín lójú oníbàárà kì í tètè jinná. Ẹni tó ń tà á yóò rì í sínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi pò, yóò rọra tẹ́ ẹ sínú epo tó ń hó, yóò sì máa wò ó títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n dáadáa. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí ohun tí oníbàárà lè ṣe ju kó dúró lọ. Ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹ̀rọ géèmù kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń dúró bẹ́ẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n lè na èèyàn lójú ọ̀pọ̀ èrò, kó má sì sá lọ. Láti ìgbà tí èmi náà ti di abiyamọ ni mo ti ń rò ó, ó sì dá mi lójú báyìí pé ohun tí a rí gbà níbẹ̀ ju ohun tí àwọn òbí wa rò pé a ń bá lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Ará Cyprus ni ọ̀gá tó ni ín, bíi ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù chips ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Káńtà gígùn kan pín inú ilé náà sí méjì: àwọn agbada epo wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa oníbàárà wà níwájú. Agolo iyọ̀ àti ìgò fínígà wà lórí káńtà, pẹ̀lú ìgò ńlá kan tí wọ́n rẹ ẹyin bíbọ̀ sí nínú fínígà. Òórùn fínígà tí wọ́n wọ́n sórí pòtétò gbígbóná máa ń pàdé wa lójú títì, ó sì máa ń wà lára aṣọ wa títí a ó fi sùn. Nítòsí fèrèsé ni ẹ̀rọ náà dúró sí, àpótí pákó tó ga jù mí lọ, tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tó ní ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì níwájú, àti ihò tóóró tí à ń sọ owó sí nísàlẹ̀. Ọ̀gá kọ́ ló ni ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan ló máa ń mú kọ́kọ́rọ́ wá, yóò ṣí ìdí rẹ̀, yóò da owó inú rẹ̀ sórí tábìlì, òun àti ọ̀gá á jọ kà á, wọ́n á sì pín in. Ọkùnrin yẹn náà ló máa ń gbé géèmù tuntun wá nígbà tí owó tí ti tẹ́lẹ̀ ń pa bá ti ń lọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, Màmá mi kì í dáná. Iṣẹ́ klínà ló ń ṣe ní àwọn ọ́fíìsì àárín ìlú, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń lọ, nígbà tí àwọn akọ̀wé bá ti ṣíwọ́. Bàbá mi ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń wa mínìkáàbù lóru. Kí Màmá tó jáde, á fi owó oúnjẹ lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́wọ́, àwa méjèèjì á sì jọ sọ̀ kalẹ̀ láti ilé wa ní North Peckham Estate. Ọ̀rọ̀ tí Màmá máa ń sọ kì í yàtọ̀: "Ẹ kí ọ̀gá yẹn dáadáa o. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ Bàbá yín tutù. Ṣéńjì tó bá kù, tiyín ni." Ẹ̀gbọ́n mi kì í bèèrè ju ìyẹn lọ. Ṣéńjì yẹn ni owó géèmù wa, a ó sì ti mọ iye tó máa jẹ́ kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Kì í ṣe ní Peckham ni géèmù ti kọ́kọ́ pàdé oúnjẹ. Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ Atari gbé ẹ̀rọ Pong àkọ́kọ́ sí ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Andy Capp's Tavern, ní ìlú Sunnyvale ní California. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Al Alcorn, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tó débẹ̀ tó tú u wò, owó ló bá níbẹ̀: èyí tí àwọn èèyàn sọ sínú rẹ̀ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, kò sì sí àyè fún òmíràn. Ní ọdún 1977, Nolan Bushnell, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Atari sílẹ̀, ṣí ilé oúnjẹ kan ní San Jose, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Chuck E. Cheese. Písà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Písà ń pẹ́ nínú ààrò, àwọn ọmọdé kò sì ní sùúrù, Bushnell bá to ẹ̀rọ géèmù síbi tí wọ́n ti ń dúró. Ní Japan, lẹ́yìn tí Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders fún ilé iṣẹ́ Taito ní ọdún 1978, wọ́n sọ ẹ̀rọ náà di tábìlì fún àwọn ilé kọfí. Gíláàsì rẹ̀ kọjú sókè, èèyàn á gbé ife kọfí rẹ̀ lé e, á sì máa yìnbọn sí àwọn àjèjì ojú sánmà tó ń tò bọ̀ lábẹ́ ife náà.

Ohun kan náà ni gbogbo wọn rí. Ẹni tí ebi ń pa, tí oúnjẹ rẹ̀ kò tíì jinná, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, owó wà lápò rẹ̀, kò sì lè kúrò níbẹ̀. Oníṣòwò kò ní ṣàì rí èrè nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè tó, kò sí ẹni tó ṣírò ohun tí ìdúró náà máa ṣe fún àwọn tó bá jọ dúró.

Géèmù tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi ta kò sí ní ṣọ́ọ̀bù chips. Inú káfẹ́ kan nítòsí Rye Lane ló wà, níbi tí Màmá ti máa ń mu tíì lọ́jọ́ Sátidé tó bá ti ra iṣu àti ẹja tútù tán. Pac-Man ni, irú èyí tó jẹ́ tábìlì. Kì í ṣe tuntun mọ́ nígbà náà, nítorí ọdún 1980 ni Toru Iwatani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Namco gbé e jáde. Iwatani ti ṣàlàyé rẹ̀ pé ọkùnrin ló kún ibi tí wọ́n ti ń ṣeré géèmù láyé ìgbà yẹn, ìbọn yíyìn ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó fẹ́ èyí tí àwọn obìnrin náà máa fẹ́ràn, ló bá gbé e karí oúnjẹ jíjẹ. Èmi kò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nǹkan roboto kan aláwọ̀ ìyeyè, tí kò ní ju ẹnu lọ, ń jẹun kiri inú ọ̀nà tóóró, pé iwin mẹ́rin ń lé e, àti pé èmi ni mò ń darí rẹ̀. Ohun jíjẹ 244 ló wà lójú rẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ tán: kéékèèké 240, ńláńlá mẹ́rin. Ẹni tó bá jẹ ọ̀kan nínú àwọn ńlá, á yíjú padà fún ìgbà díẹ̀, á wá máa lé àwọn iwin tó ń lé e. Màmá gbé ife tíì rẹ̀ sí igun gíláàsì kó má baà dí mi lójú. Ó wò ó títí, ó ní, "Kí lèyí ń jẹ báyìí tí kì í yó?"

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin ní tábìlì kejì ló dá sí i. Ó gbé àwo rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n má máa sá fún gbogbo iwin bákan náà. Pupa ń tọ ipasẹ̀ mi gan-an. Pínńkì kì í gba ẹ̀yìn, iwájú ibi tí mo kọjú sí ló máa ń lọ kò mí. Aláwọ̀ ọsàn a máa ṣe bí ẹni tó ń bọ̀, tó bá sún mọ́ mi tán, á tún yẹ̀ lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe tò ó. Kò kà á nínú ìwé o. Ẹnìkan ló ti dúró lẹ́yìn òun náà rí tó sọ fún un, bí òun ṣe wá dúró lẹ́yìn mi. Láyé ìgbà yẹn, ẹnu àwọn tó ti fi owó wọn ṣòfò ṣáájú ẹni ni ìmọ̀ géèmù ń gbé, kò sì sí bí o ṣe máa rí i gbà àfi tí o bá ta á níbi tí èèyàn wà.

Ní ṣọ́ọ̀bù chips, àwọn òfin wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ta lẹ́yìn ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á fi owó rẹ̀ lélẹ̀ sí etí gíláàsì, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Owó náà ló ń tò sórí ìlà, kì í ṣe èèyàn. O lè lọ wọ́n iyọ̀ sí chips rẹ, o lè lọ jókòó, ipò rẹ kò ní yẹ̀. 10 pẹ́ńsì ìgbà yẹn tóbi, ó kún ọwọ́ ọmọdé. Òun àti owó ṣílè méjì àtijọ́ dọ́gba, wọ́n sì ṣì ń ná wọn pọ̀, débi pé orí Ọba George Kẹfà wà lára àwọn kan tí à ń tò sórí gíláàsì. Àwọn ọmọ tí àwọn olùkọ́ ń pè ní aláìgbọràn ló ń fi owó wọn lélẹ̀ níbẹ̀. N kò rí i kí ọ̀kan nínú wọn jí owó ẹlòmíràn gbé, n kò sì rí ẹni tó sún owó ọmọ kékeré sẹ́yìn kí tirẹ̀ lè bọ́ síwájú.

Nígbà tó yá, ọkùnrin oníkọ́kọ́rọ́ gbé Street Fighter II dé. Ilé iṣẹ́ Capcom ní Japan ló ṣe é ní ọdún 1991. Ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ ni a sábà máa ń bá jà. Èyí ní kí ẹni méjì dúró ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wá kojú ara wọn. Oníjà mẹ́jọ ló wà tí èèyàn lè yàn: Ryu àti E. Honda láti Japan, Ken àti Guile láti Amẹ́ríkà, Blanka láti Bùràsíìlì, Zangief láti Rọ́ṣíà, Dhalsim láti Íńdíà, àti Chun-Li láti Ṣáínà, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Òun ni mo yàn, n kò sì fi í sílẹ̀ títí ẹ̀rọ fi kúrò. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan nínú wọn. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn ọ̀gá tí èèyàn máa ń bá pàdé níkẹyìn, tí a kò lè yàn. Ìgbà tí Dee Jay dé láti Jàmáíkà nínú Super Street Fighter II lọ́dún 1993, ariwo ayọ̀ àwọn ọmọ Jàmáíkà àdúgbò wa kò kéré, àwa ọmọ Yorùbá sì bá wọn yọ̀. Nígbà tí Elena máa fi wọlé láti Kẹ́ńyà nínú Street Fighter III lọ́dún 1997, ẹ̀rọ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù wa mọ́.

Òfin rẹ̀ le. Ẹni tó bá borí ló ń dúró nídìí ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á kúrò, owó tó kàn lórí ìlà á wọlé. Níbẹ̀ ni ohun tí mò ń sọ yìí wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé kan, owó mi kàn. Ọmọkùnrin ará Jàmáíkà kan tó ti na gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni mo bá pàdé. Chun-Li mi kò tíì gbẹ́sẹ̀ sókè tán tó fi gbé e dá, ó tún gbé e dá lẹ́ẹ̀kejì, ó parí. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa: àwọn ọmọ iléèwé, bíríkìlà méjì tí símẹ́ńtì ṣì wà lára bàtà wọn, ìyá arúgbó kan tó ń dúró de ẹja rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú gbà mí tì, ẹsẹ̀ mi sì ti kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibo ni mo fẹ́ lọ? Ẹja wa wà nínú epo. Ẹ̀gbọ́n mi ti sanwó rẹ̀, Bàbá sì ń retí rẹ̀ nílé kó tó jáde síṣẹ́. Mo ní láti dúró síbẹ̀, láàárín àwọn tí ìnà mi ṣojú wọn, títí epo yóò fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìdúró yẹn ló ṣe mí lóore. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó bí mo ṣe rò. Ẹlòmíràn ti bọ́ síwájú, gbogbo ojú ti kúrò lára mi lọ sára tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà yẹn sọ fún mi pé mò ń pẹ́ kí n tó fi ẹsẹ̀ gbá a. Ìyá arúgbó náà bi mí pé kí ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń jà yẹn, mo sì sọ ọ́ fún un. Kò pẹ́ tí ọmọ Jàmáíkà náà fi pàdé ẹni tó jù ú lọ, òun náà kúrò nídìí ẹ̀rọ. Oúnjẹ tirẹ̀ náà kò tíì pé, chips nìkan ni wọ́n ti dì fún un. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na bébà rẹ̀ sí mi láìwò mí, mo mú ọ̀kan. Ó ní fífò mi ti pọ̀ jù, pé ẹni tó bá wà lókè kò lè yẹ ẹ̀ṣẹ́. A jọ ń jẹ, a jọ ń wo àwọn tó ń ta. Nígbà tí ọ̀gá pe ẹ̀gbọ́n mi pé ẹja wa ti délẹ̀, kò wù mí kí n lọ.

Mo ti fi ìyẹn wé àwọn ibòmíràn tí ọmọdé ti ń fìdí rẹmi. Nínú ilé, ẹni tí wọ́n bá nà lè pa ẹ̀rọ, kó wọ yàrá lọ sunkún. Ní ìta, ó lè sá, ó sì lè di ìjà. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, méjèèjì kò ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tó jẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà níbi tí epo ti ń hó, tí àwọn àgbà tó lórí ìlà. Ẹni tó bá sì sá, ó sá fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tó kù ju kó dúró pẹ̀lú ìtìjú rẹ̀ lọ. Bó bá dúró, á rí i pé ìtìjú ní ìgbà tó ń tán, pé àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, àti pé ẹni tó nà án gan-an ló mọ ohun tó ṣì ṣe. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ọmọ ní nǹkan wọ̀nyí.

Ó ní ọjọ́ kan tí Bàbá fúnra rẹ̀ wá wá wa, nítorí oúnjẹ pẹ́ jù. Ó fa ojú ro wọlé. Mo rí i, mo yára kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ẹ̀rọ, kò mọ̀ rárá. Bàbá na ọwọ́ sí kọ́là rẹ̀, ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Ó tẹjú mọ́ àwọn tó yí i ká: bí wọ́n ṣe ń kígbe, bí wọ́n ṣe ń dá a lẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ṣe dúró tì í tó ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Ta ni ọ̀ta níbẹ̀?" Mo nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó sì dúró wò ó.

Ìdí ayò ọlọ́pọ́n ni Bàbá ti wá, ní Ìṣẹ́yìn, lábẹ́ igi ọdán. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, ẹni méjì ló ń ta á, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń gbádùn rẹ̀. Ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, á máa fi ọ̀pẹ tó nà ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran á máa bá a gbè é, ọ̀pẹ kò sì gbọdọ̀ bínú. Á jókòó ti ọpọ́n, á gba èébú tirẹ̀ sétí, á sì máa wo bí ọ̀ta ṣe ń ka ọmọ ayò lójú kó tó gbé e, kí òun náà lè di ọ̀ta lọ́jọ́ kan. Ohun tí Bàbá rí ní ṣọ́ọ̀bù ará Cyprus nìyẹn. Nígbà tí à ń lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi ń retí ìbáwí. Bàbá ní, "Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ, kó má rá a lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n bá ti lè na ọmọ mi tí kò ní dìjà, mi ò ní kó má débẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó jáde síṣẹ́." Láti ọjọ́ yẹn ni géèmù ti kúrò ní ohun tí a ń fi pa mọ́ fún un.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981, George Foulkes, aṣòfin ẹgbẹ́ Labour, gbé àbá òfin kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster, pé kí wọ́n fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ṣàkóso Space Invaders àti irú rẹ̀, nítorí ó ti ń di bárakú fún àwọn ọmọ. Aṣòfin 94 tì í lẹ́yìn, 114 kọ̀ ọ́. Bí ogún ibo péré ṣe dá a dúró nìyẹn. Mi ò bá àwọn tó dìbò fún un jà. Mo mọ ọmọ tó sọ gbogbo owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sínú ihò yẹn, tí ebi sì pa á délẹ̀ ọjọ́. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn ni pé ojú àgbà wà níbẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe ṣéńjì fún ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé kí ilé ìwé tó jáde. Tó bá rí ọmọ tó ń sọ owó lemọ́lemọ́ tí kò ra oúnjẹ, á pè é wá sídìí káńtà, á bu chips díẹ̀ fún un, á ní kó máa lọ sílé. Iṣẹ́ ẹja dídín rẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó tún ń bá àwọn òbí tí kò mọ̀ wò wá.

Àwọn ẹ̀rọ náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ìjọba gbé 10 pẹ́ńsì tuntun jáde, tó kéré tó sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún 1993 máa fi dé ìdajì, wọ́n ti kó àwọn ńlá náà kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ní láti tún ihò owó gbogbo ẹ̀rọ ṣe. Ní ọdún 1995, PlayStation dé Yúróòpù. Ohun tí a ń dúró fún nínú ṣọ́ọ̀bù ti wá wà nínú yàrá, láìsí ìlà, láìsí owó lórí gíláàsì. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Lọ́jọ́ kan, a wọ ṣọ́ọ̀bù, fíríìjì tí wọ́n to ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sí ni a bá níbi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Ẹja ṣì ń pẹ́ nínú epo. Àwọn tó ń dúró dè é ni kò ní ohun tí wọ́n máa jọ wò mọ́.

Ó jọ pé ó ti parí, àfi ìgbà tí mo lọ kí àwọn ẹbí wa ní Ìbàdàn. Ọmọ àǹtí mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Mọ́kọ́lá. Tẹlifíṣọ̀n mélòó kan ló wà níbẹ̀, PlayStation wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, wọ́n ń sanwó rẹ̀ ní ìdíje kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá sì nà á gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Obìnrin kan ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n na ọmọkùnrin kan ní àmì ayò márùn-ún sí òdo, ilé fẹ́ẹ̀ wó fún ariwo. Ó jáde lọ bá alákàrà, alákàrà ní kó dúró, èyí tó wà nínú epo kò tíì pọ́n. Ó dúró. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jáde wá bá a, wọ́n jọ ń ṣàlàyé bí bọ́ọ̀lù kẹta ṣe wọlé. Nígbà tí àkàrà délẹ̀, wọ́n pín in, wọ́n jọ wọlé padà. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló ṣe é fún wọn, bó ṣe ṣe é fún wa.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé géèmù ló ń ba àwọn ọmọ ìsinsìnyí jẹ́. Ọmọbìnrin mi ń bá àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ fíìfíì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé tí wọ́n bá nà án, bọ́tìnnì kan ló máa tẹ̀, ẹni tó nà án á parẹ́. Kò ní gbọ́ ohun tó ṣì ṣe, kò ní mọ̀ pé ẹni yẹn náà máa fìdí rẹmi láìpẹ́. Ìtìjú náà á kù sí òun nìkan lọ́wọ́, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo lè ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá sílé wa: ọmọ Yorùbá, ọmọ Sòmálíà, ọmọ Pólándì. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, páàdì méjì, ẹni tó bá borí ló ń dúró. Àwọn òbí kan ti bi mí pé kí ló dé tí n kì í dín dòdò sílẹ̀ de àwọn ọmọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ìgbà tí eré bá ti gbóná ni mo tó ń gbé epo kaná, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ nà ní ohun tó máa dúró dè. Àgbà tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní gbọ̀ngàn ìjọ, tó ní pálọ̀ tó gba ọmọ mẹ́fà, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sáré fún wọn lóúnjẹ. Ẹ wà nítòsí, ẹ má jókòó lé wọn lórí. Ọmọ tí wọ́n bá nà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó dúró jẹun pẹ̀lú wọn, tó sì tún fi orúkọ sílẹ̀ pé òun máa ta sí i, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí mọ́ níbikíbi tó bá lọ láyé.